Adágún Orí Ilẹ̀ Tó Fì Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan

Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi, ìwọ tí o mọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ mi kí o tó mọ orúkọ àwọn àbúrò mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ọ kú ìrònú ilé. Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń gbọ́ràn, tàbí wọ́n ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bí ẹni ń wá ohun tó sọnù? Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ńkọ́, èyí tí o ní kì í dáhùn kíkí? Máa kí i nìṣó, má ṣe jẹ́ kó sú ọ, ọjọ́ kan ni yóò ṣèèṣì dáhùn. Ọlọ́run tó yọ ọ́ nígbà tí o já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì mi ní ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní jẹ́ kí o já bọ́ lórí àga kankan tí wọ́n bá gbé ọ jókòó lé. Mo ti ṣe àmín tèmi níbí, ṣe tìrẹ níbẹ̀ kí o tó máa ka ìyókù.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju fóònù lọ. Fóònù tí o rà fún mi dára, mi ò pè é ní búburú, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù, bí mo bá kí ọ dé ìdajì báyìí, á ní owó ti tán. Ti àwòrán tó ń mira náà tún wà, tí o ní kí n máa fi adágún hàn ọ́ lójoojúmọ́. Mo gbé fóònù kọjú sí omi, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè wò ó dáadáa, o wá ní ihò imú mi nìkan lo rí. Ọmọ mi, fóònù yìí ní ojú níwájú, ó ní ojú lẹ́yìn, èmi ò sì mọ èyí tó jí nínú méjèèjì. Ìwé kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀, ibi tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ sí ni wàá ti bá a.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí ibi tí ọ̀rọ̀ dé, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń jẹ́ kí èèyàn gbàgbé nǹkan. Ìyá rẹ yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù lọ́wọ́, ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ sì fara pa. Dókítà ní eegun kò ṣẹ́, ó ní ẹsẹ̀ ló ń bẹ̀rù ilẹ̀, kó máa rìn lójoojúmọ́ nínú omi tó mù ún dé àyà, nítorí omi á bá a gbé ara rẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ìwọ wá ra adágún orí ilẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí kò gbẹ́lẹ̀, tó kàn dúró gbagidi bí agbada ńlá. Lẹ́yìn náà lo sọ gbólóhùn kan. O ní bí oṣù mẹ́ta bá pé tí ìyá rẹ kò tíì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílé, wàá wá gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ, o ní yàrá kan ló kù, ibùsùn kan ló sì wà níbẹ̀. Mo ka ibùsùn náà lọ́kàn mi lẹ́ẹ̀mẹta, ẹyọ kan náà ni. Ọdún kejìdínlógójì rèé tí èmi àti ìyá rẹ ti ń jí rí ara wa. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Bí páálí adágún ṣe dé báyìí, awakọ̀ tó gbé e wá ní kí n fi ìka kọ orúkọ mi sójú fóònù òun. Mo kọ ọ́, ó dà bí ohun tí adìẹ fi ẹsẹ̀ ha sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n tún un kọ, ó ní ó ti lọ. A jẹ́ pé ibì kan wà láyé báyìí tí wọ́n ti ń wo orúkọ mi tí wọ́n ń rò pé mi ò lọ ilé ìwé. Lára páálí náà, wọ́n ya bàbá kan, ìyá kan àti ọmọ méjì tó ń rẹ́rìn-ín nínú omi, àga gbọọrọ kan àti ìkòkò òdòdó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo tú ẹrù náà délẹ̀, mi ò rí àga, mi ò rí òdòdó. Ìwé kan wà nínú páálí tí wọ́n ní ká kọ ohun tó bá dín sí, mo sì kọ ọ́ pé àga kan, òdòdó kan. Ní ti àwọn èèyàn náà, mo ní kí wọ́n ṣì dá wọn dúró sọ́hùn-ún, ilé wa kò gba èrò.

Ìwé ìlànà wọn ní kí ilẹ̀ tí a máa gbé adágún lé tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi káfíńtà ni wọ́n ń kọ́ ní ohun tó tẹ́jú. O mọ igi ìwọ̀n mi, èyí tó ní gíláàsì kékeré láàárín, tí afẹ́fẹ́ róbótó kan ń rìn nínú omi rẹ̀, tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ náà bá dúró sáàárín, nǹkan tẹ́jú nìyẹn. Ọ̀gá mi ló fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé, kò sí àtẹ̀gùn tí mo ṣe ládùúgbò yìí tí igi náà kò fọwọ́ sí. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo ń gbé igi ìwọ̀n kiri bí ẹni gbé ọmọ, afẹ́fẹ́ sì dúró sáàárín gbọnin. Mo na adágún, mo fi páìpù rẹ̀ ró o yíká, mo ki họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, omi ń wọlé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tó kún tán ni mo rí i pé omi náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lápá ilé ìdáná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù, lápá ọgbà, ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan dín sí etí.

Mo wò ó títí. Mo lọ síwájú, mo lọ sẹ́yìn, mo tẹ orí, omi ṣì wọ́. Mo tún gbé igi ìwọ̀n kalẹ̀, igi ní ilẹ̀ tẹ́. Mo wá mọ̀ pé àwọn tó ṣe adágún yìí ló gé apá kan rẹ̀ kúrú. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ó ní kí n tẹ ení bí mo bá fẹ́ ra ọjà, kí n tẹ èjì bí nǹkan bá bàjẹ́. Mo ní mi ò ní tẹ ohunkóhun àfi bó bá kọ́kọ́ dáhùn kíkí. Ó tún ní kí n tẹ ení. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ títí owó fi tán, ṣùgbọ́n kò bú mi, kò gbé ohùn sókè, gbólóhùn kan náà ló ń sọ pẹ̀lú sùúrù, mo sì gbóríyìn fún un lórí ìyẹn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù, wọ́n ní ìràwọ̀ mélòó nínú márùn-ún ni mo fún adágún àwọn. Mo fún wọn ní mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sí i pé méjì tó kù wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tí wọ́n bá wá tún omi wọn tó wọ́ ṣe ni màá kó o fún wọn.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn, mo gbà pé omi tó wọ́ kò dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti rìn. Mo ní kí ìyá rẹ wọlé. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó wo àkàbà tó bá adágún wá, ó ní ó tín-ín-rín jù. Òótọ́ ni, àkàbà náà kò ju egungun ẹja lọ. Mo wá gé pákó, mo kan àtẹ̀gùn márùn-ún sókè àti mẹ́rin wọ inú omi, mo fi igi ìdìmú sí ọ̀tún, mo fi sí òsì, mo fi ìfági fá gbogbo rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Igi ìwọ̀n fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ wò ó pẹ́, ó ní mo kú iṣẹ́, ó ní ó wuyì, ṣùgbọ́n gbangba ti pọ̀ jù, fèrèsé télọ̀ aládùúgbò wa kọjú sí ibẹ̀, òun kì í ṣe aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀n.

Mo ri òpó mẹ́fà, mo na okùn yí wọn ká, mo fi àwọn kọ́tìnì àtijọ́ tó wà nínú àpótí rẹ bò ó, èyí tó ní àwòrán ẹyẹ. Télọ̀ gan-an wá kí mi kú iṣẹ́, ó ní òun ò rí nǹkan kan mọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe mí díẹ̀. Ìyá rẹ ní a dúpẹ́, ṣùgbọ́n omi tutù. Mo ra họ́ọ̀sì dúdú, mo ká a bí ejò sórí páànù ilé, mo so ó mọ́ páǹpù tó bá adágún wá, kí omi máa gòkè lọ yá oòrùn, kó máa sọ̀ kalẹ̀ padà. Ọmọ mi, ó ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Lọ́jọ́ kìíní mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ láti òwúrọ̀, nígbà tí mo máa fi ìgbọ̀nwọ́ kan omi ẹnu páìpù, mo fò sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí n fi adágún rẹ se ìyá rẹ. Báyìí mo ti fi ẹnu ẹ̀rọ sí i, tí a lè ṣí kí a sì tì.

Ó ní ewé àti kòkòrò ń bọ́ sínú omi. Mo rán àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́ wáyà, mo fi ẹrúkọ́ ṣe ọ̀pá rẹ̀, mo sì fi tapólì ṣe ìdérí ńlá tí a ń ká mọ́ igi gbọọrọ kan, tí a lè tẹ́ kí a sì ká bí ẹní. Ó ní ẹsẹ̀ á kó iyẹ̀pẹ̀ wọlé. Mo gbé ọpọ́n omi síwájú àtẹ̀gùn. Ó ní ibo ni òun máa gbé gíláàsì ojú òun sí. Mo gbẹ́ àwo pákó pẹlẹbẹ kan tó ń léfòó, ó ń bá èèyàn rìn kiri nínú omi, ife àti gíláàsì ojú sì gbà lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi ní àwọn ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní kí n máa tì wọ́n bọ omi láti mọ bí ara omi ṣe rí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé omi ń ṣàìsàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ìwé náà di àwọ̀ tí kò dáa, mo bu oògùn omi sí i, mo ní kó sinmi, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí di ọ̀sán.

Oṣù kan lọ, èkejì tẹ̀ lé e. Adágún yìí ti di ohun tí àwọn èèyàn ń yà wá wò, ìyá rẹ kò sì tíì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan omi. Mo ń ka ọjọ́. Bí o bá pè, tí o bá béèrè, mo máa ń ní a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ibùsùn yẹn lo ń tẹ́ lọ́kàn rẹ.

Ibi tí a wà nìyí tí bíríkìlà tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà fi wá yá ayùn. Òun ni wọ́n ń pè ní Má-kánjú, nítorí ilé ara rẹ̀ tó ti ń kọ́ láti ọdún kẹsàn-án tí kò tíì dé òrùlé. Ó ká kọ́tìnì sókè, ó rí omi, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ta ló gbé adágún kalẹ̀ báyìí. Mo ní èmi ni, pé àwọn tó ṣe é ló gé e kúrú. Ó ní kí n má bínú o, Bàbá, omi kì í wọ́, ilẹ̀ ló máa ń wọ́, láti ọjọ́ tí òun ti ń mọlé, omi kò tíì purọ́ fún òun rí. Mo gbé igi ìwọ̀n mi kò ó lójú. Kò bá mi jiyàn. Ó lọ sílé, ó mú rọ́bà gígùn kan wá, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó bu omi kún inú rẹ̀, ó ní kí n di ẹnu kan mú lápá ilé ìdáná, òun di èkejì mú lápá ọgbà. Ó ní bó ti wù kó jìnnà tó, omi ẹnu méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró ní ìwọ̀n kan náà. A fi wọn ilẹ̀ tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin tẹ́. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ni ilẹ̀ náà fi ga lápá ọgbà.

Ó wá gba igi ìwọ̀n lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, afẹ́fẹ́ dúró sáàárín. Ó yí orí rẹ̀ sí ibi tí ìdí wà, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, afẹ́fẹ́ sá lọ sí ìpẹ̀kun. Ó yí i padà, ó tún dúró. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo abẹ́ igi náà, ó ní ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ, ó ní ẹnì kan ti fi ìfági fá a.

Ọmọ mi, èmi ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi fún mi, abẹ́ rẹ̀ ti dúdú, ìlà àti àpá ti kún ara rẹ̀, inú mi sì dùn débi pé mo fi ìfági tuntun mi fá a kó lè dán, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé mo mọ iyì ẹ̀bùn. Ìfẹ́ ni mo fi fá a. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, tèmi tiẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n.

Mo jáde sí àdúgbò, mo ń wò. Ilẹ̀kùn télọ̀ tó máa ń tì fúnra rẹ̀, tó ti fi bá oníbàárà jà pé wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn mọ́ òun, èmi ni mo kàn án. Ti nọ́ọ̀sì tó ń ṣí fúnra rẹ̀, tó ní ẹnì kan ń ṣọ́ òun, èmi ni. Tábìlì olùkọ́ tó wà ní ìkángun ọ̀nà, tí ṣọ́ọ̀kì kì í dúró lórí rẹ̀, èmi ni, olùkọ́ sì ti na ọmọ tó pọ̀ nítorí ṣọ́ọ̀kì yẹn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà yìí wà lọ́jà o, ọwọ́ mi sì ni mo fi wọ́ ọ.

Nígbà tí mo padà délé, mo yá rọ́bà Má-kánjú, mo gbé e sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé wa, èyí tí ìyá rẹ ti ṣubú. Ó dagẹ̀rẹ̀ síta. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ lé e, síta ló ń lé e. Mo jókòó sórí rẹ̀, mo sì sunkún, èmi bàbá rẹ. Gbogbo oṣù méjì tí mo ti ń gé pákó tí mo ń na kọ́tìnì láti wo ẹsẹ̀ yẹn sàn, mi ò mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é léṣe.

Mo wọlé, mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ń ká aṣọ, kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ní òun mọ̀. Ó ní láti ọdún tí mo kan tábìlì oúnjẹ wa ni òun ti mọ̀, torí ọbẹ̀ máa ń kóra jọ sí apá kan àwo, òun ló ń ki ìwé pélébé bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, tí òun ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ní ògiri ni òun máa ń dì mú bí òun bá ń gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé kọjá, ọjọ́ tí òun ṣubú, apẹ̀rẹ̀ aṣọ ló gba ọwọ́ òun méjèèjì. Mo ní nígbà náà, kì í ṣe télọ̀, kì í ṣe òtútù, kì í ṣe kòkòrò. Ó ní rárá, ó ní àtẹ̀gùn aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn ni, bí òun ṣe rí igi ìwọ̀n lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń kàn án ni ẹsẹ̀ òun ti kọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní òun ń rí bí mo ṣe ń fi òróró nu igi yẹn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní ilé tó fì, òun lè gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ tí ojú ń tì níwájú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, òun ò mọ bí òun ṣe máa bá a gbé. Mo bá a ká aṣọ tó kù.

Lọ́jọ́ kejì mo fọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Mo tú omi adágún dànù, àní kì í ṣe dànù, Má-kánjú fà á lọ fi gé búlọ́ọ̀kù, òun nìkan sì ni adágún yìí ti ṣe ní àǹfààní títí di ìgbà yẹn. A tún ilẹ̀ tẹ́ pẹ̀lú rọ́bà. Ta ló di ẹnu kejì rọ́bà mú? Ìyá rẹ. Ó jókòó lórí àga rẹ̀, ó fi gíláàsì sójú, ó ń sọ fún mi pé ó kù díẹ̀, pé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, pé kí n má fi ìkánjú ba nǹkan jẹ́, ó sì dùn mọ́ ọn ju bí ó ṣe yẹ lọ. A tún àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé àti ti adágún kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n bu omi kún ife mẹ́sàn-án, kí n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àtẹ̀gùn adágún kọ̀ọ̀kan kí omi tó wọlé. Ó wo ife náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní kí n kó wọn kúrò lọ́nà.

Omi kún, ó tẹ́ pẹrẹsẹ yíká, mo sì fi ìràwọ̀ méjì tó kù ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi kí obìnrin tó ń gbé fóònù. Ìyá rẹ di igi ìdìmú méjèèjì mú, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, omi gbà á dé àyà. Mo wà nínú omi pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì mi, o sì mọ̀ pé èmi àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ó ní ara òun ti fúyẹ́, ó ní òun rò pé òun ò tún ní mọ bí èyí ṣe ń rí mọ́. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ yẹn, ó yípo lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kejì, ní báyìí ó ń yípo títí omi fi ń sáré tẹ̀ lé e, ó sì máa ń ní kí n kúrò lọ́nà. Ó ti ń béèrè bẹ́ǹṣì tí a lè jókòó lé nínú omi, ó tún ń béèrè ibòji lókè.

Nísinsìnyí, àwọn ohun tí mo ń fẹ́ nìyí, má ṣe bínú pé wọ́n pọ̀. Mo fẹ́ híńjì àti súkúrù tó dáa, nítorí mo ń lọ láti ilé dé ilé láti tún ilẹ̀kùn gbé, mo sì ń bẹ gbogbo wọn. Olùkọ́ ti dárí jì mí, télọ̀ ní òun ṣì ń rò ó. Mo fẹ́ tapólì tuntun àti oògùn omi. Mo sì fẹ́ owó díẹ̀, iye tí ọwọ́ rẹ bá ká, torí mi ò lè gbowó lọ́wọ́ ẹni tí mo ń tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe fún. Jọ̀wọ́, má fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ inú ògiri báńkì. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ó béèrè nọ́ńbà àṣírí mi lójú èrò, mo sún mọ́ ọn, mo sọ ọ́ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òun ò gbọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ló gbọ́. Fi rán awakọ̀ tó bá gbé lẹ́tà yìí dé.

Ọlọ́run yóò tẹ́ ọ̀nà rẹ pẹrẹsẹ. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ilẹ̀kùn tó bá ṣí fún ọ kò ní tì mọ́ ọ lójú, ọkọ rẹ àti ìwọ yóò pẹ́ débi tí ẹ ó fi mọ àléébù ara yín tí ẹ ó sì ki ìwé bọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe fún ọ ju bí o ti ṣe fún wa lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí oṣù mẹ́ta tí o dá pé. Mo fẹ́ kọ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n parí kíá, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín má baà kúrò ní oríta. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a dé ibẹ̀, ó ní kí n jókòó. Nítorí náà, bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má tíì sọ ohunkóhun nípa ibùsùn yẹn. Bi awakọ̀ léèrè ẹni tó fi lé e lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.